Ògúnṣeyè Gba Ọkọ̀ Rẹ̀ ní Ìlú Olóǹtẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ibùdókọ̀ Ìdí-Ọ̀bọ̀. Ẹni tó bá ń jẹ gúgúrú, kó rọra máa rún un, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò fẹ́ ariwo eyín. Ọ̀gá tó dúró lẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ káńsù tí wọ́n lọ̀ tó le gbagidi, ẹ má lọ o, ẹ wà nínú ìtàn yìí. Ẹ wò mí dáadáa, gbogbo yín. Irun orí mi ti funfun bí òwú, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò tíì hu ewú kankan. Nígbà tí ẹkùn gbọ́ pé mo wọ igbó, ó ní kí ọmọ òun tètè di ẹrù, nítorí ibi tí àwọn yóò sá lọ jìnnà. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó lọ bi ẹkùn.

Àmọ́ ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ògúnṣeyè ni, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, ẹni tó kúrò nídìí ìbọn tó bọ́ sídìí ọkọ̀ takisí. Inú ti ń bí mi kí n tó bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa bí mi títí n ó fi parí. Ẹni tí inú kì í bí, kó dìde, kó lọ jókòó sọ́dọ̀ alángbá tó ń mi orí sí ohun gbogbo.

Kí ẹ tó gbọ́ nípa ọkọ̀, ẹ gbọ́ nípa ìbọn. Nílé Ọdẹ́tọ́lá, ọ̀gá wa, bí alágbẹ̀dẹ bá rọ ìbọn tuntun, àgbà ọdẹ kan ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò fi imú gbóòórùn ẹnu rẹ̀, yóò fi èékánná gbá irin rẹ̀ kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún, lẹ́yìn náà yóò ní, "Ìbọn yìí dára." Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá máa yin ìbọn náà fún ìgbà àkọ́kọ́, àgbà tó ní ó dára ni yóò dúró tì í, èjìká sí èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí iná ti ń jáde. Bí ìbọn bá máa bẹ́, kó bẹ́ mọ́ àwọn méjèèjì lójú. Ẹni tó fọwọ́ sí ìbọn ni í dúró tì í: òfin wa nìyẹn. Mi ò sì tíì rí àgbà kan tó fi ojú lásán wo ìbọn lábẹ́ òfin yìí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sápò. A óò mú un jáde.

Ògúnṣeyè ní àbúrò obìnrin kan, Morẹ́nikẹ́. Ó pẹ́ kí Morẹ́nikẹ́ tó lóyún. Nígbà tí oyún dé, tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ sì pé, wọ́n gbé e sínú takisí tó ń lọ sí ilé ìwòsàn Òkè-Ìlera. Takisí náà dára lójú. Báàjì wà níwájú orí rẹ̀, ó ń dán bí ojú ọkọ ìyàwó. Òǹtẹ̀ pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ fún ayé pé káńsù ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bíréèkì nìkan ni kò sí. Nígbà tó ń gun Òkè Afàyàfà, ẹ́ńjìnnì kú, awakọ̀ tẹ bíréèkì, bíréèkì kò dáhùn, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi lọ fi ìdí lu igi. Morẹ́nikẹ́ yè é. Ọmọ kò yè é.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ náà ni Ògúnṣeyè fi ìbọn kọ́ sára ògiri. Ó ta ohun tó ní, ó ra ọkọ̀ ògbólógbòó kan, ó sọ ọ́ ní Àgbọ̀nrín. Láràárọ̀, yóò da ẹ̀yìn délẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Yóò dá nìkan wà á gun Òkè Afàyàfà, yóò sì wà á sọ̀ kalẹ̀, kó tó jẹ́ kí èrò kankan wọ̀ ọ́. Bí a bá ń bi í pé kí ló ń wá lábẹ́ ọkọ̀, yóò ní, "Mò ń wá ọmọ àbúrò mi." Ta ló máa tún bi í?

Ohun kan ló ṣe tí kò dáa tó. Kò lọ gba báàjì. Ó ní ọdẹ kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wọ igbó. Ó so ìwo àgbọ̀nrín kan mọ́ gíláàsì iwájú, ó rò pé ayé gbogbo ló mọ ohun tí ìwo túmọ̀ sí.

Ẹ mọ̀ pé àárín Igbó Alẹ́tilápá ni ọ̀nà Òkè-Ìlera gbà kọjá, àwọn iwin ló ni igbó náà. Wọ́n ní ìlú ńlá kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìlú Olóǹtẹ̀. Wọ́n ní káńsù tiwọn, káńsù yìí ló ń sọ ẹni tó lè fi ọkọ̀ kérò lójú ọ̀nà náà. Oyún mìíràn ti wà nínú Morẹ́nikẹ́, inú náà sì ti sọ̀ kalẹ̀, nígbà tí ẹmẹ̀wà káńsù méjì yọ sí Ìdí-Ọ̀bọ̀. Ìpàkọ́ ni ojú ọ̀kan wà, ohun tó bá ti kọjá nìkan ló ń rí. Ọwọ́ ọ̀tún èkejì gùn débi pé ó ń wọ́ ọ nílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ náà kì í sì í padé.

Olójú-Ìpàkọ́ kọ ẹ̀yìn sí Ògúnṣeyè kó lè rí i. Ó ní, "Ọ̀gá awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Báàjì dà?"

"Ìwo ọdẹ nìyí."

"Ìwo kì í ṣe báàjì. Òǹtẹ̀ dà?"

"Ẹ yẹ bíréèkì wò. Ẹ yẹ táyà wò. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ mọ́ níbẹ̀ ju ilé ìyá ẹlòmíràn lọ."

Àwọn iwin méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́wọ́-Gbọọrọ ní, "Baba ọdẹ, ta ló bi yín ní bíréèkì?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀! Ta ló bi yín ní bíréèkì! Ó fi ìka gbá iwájú ọkọ̀, kọ́, kọ́, Àgbọ̀nrín sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn láìsí awakọ̀, bí ewúrẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé èèpo iṣu. Wọ́n wọgbó lọ.

Morẹ́nikẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ gbá inú rẹ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní wọ ọkọ̀ olóǹtẹ̀ mọ́ láyé. Bí ẹ ò bá tètè dé, orí ẹní yìí ni n ó kúnlẹ̀ sí. Ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kó ṣẹlẹ̀."

"Má sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò mi. Di ẹsẹ̀ mú. Mò ń bọ̀."

Ó mú àdá, ó wọgbó.

Kò rìn jìnnà tó fi bá iwin kan tó jókòó sórí kùkùté, orí rẹ̀ tóbi bí àká àgbàdo. Iwin náà di ọmọrí igbá mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì, ó ń fi ẹnu ké, "Vúùù! Pí-pí-ìn!" Ògúnṣeyè kí i. Iwin ní, "Má da ọkọ̀ mi dúró! Èmi ni Olùdánwò. Kò sí awakọ̀ tó ń kọjá lọ́dọ̀ mi láìyege."

"Ẹ ti wa ọkọ̀ rí, sà?"

"Kí ni mo fẹ́ wà á fún? Olùdánwò ni mí. Dáhùn: kí ló ń lọ tí kì í dé?"

"Ẹ̀bẹ̀ ẹni tó bá kọ̀wé sí káńsù yín."

Iwin húkọ́. "Hùn. Kí ló ní ẹnu tí kì í jẹ?"

"Èmi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ní ọ́fíìsì yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ó bá jẹ́ èmi, ibẹ̀ ni ǹ bá ti gba ọmọrí igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n fi gbá a lórí. Ṣùgbọ́n Ògúnṣeyè ní sùúrù jù mí lọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín ní ẹyọ kan. Ọkọ̀ ń gun òkè, òjò ń rọ̀, aboyún wà lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì kú, bíréèkì kọ̀. Kí ni awakọ̀ yóò ṣe?"

Olùdánwò yí ọmọrí igbá sọ́tùn-ún. Ó yí i sósì. Òógùn bo orí ńlá náà. Ó fi ohùn kékeré bí ti ọmọ adìyẹ sọ pé, "Ìyẹn ò sí nínú ìbéèrè wa."

"Ó wà lójú ọ̀nà wa. Kí ó fi ìdí ọkọ̀ ti ògiri òkè kó tó sáré jù. Ẹni tó fún awakọ̀ tó gbé àbúrò mi láṣẹ kò bi í rí."

Iwin náà gbé ọmọrí igbá sílẹ̀, ó sún ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà. Bí Ògúnṣeyè ṣe kọjá, kò gbọ́ "vúùù" mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wọ Ìlú Olóǹtẹ̀, wọ́n ní kó lọ sí Gbọ̀ngàn Ìdúró. Háà! Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín débẹ̀. Àwọn awakọ̀ jókòó sórí ìjókòó gbọọrọ, gbòǹgbò ti hù nídìí wọn wọ inú ilẹ̀ lọ. Olú ń yọ ní orúnkún ọkùnrin kan. Ẹyẹ ti kọ́ ilé sínú fìlà ẹnìkejì rẹ̀, ó ti yé ẹyin, ó sì ń wo Ògúnṣeyè bí ẹni pé ó ń dí òun lọ́wọ́. Ìyá arúgbó kan ṣí ojú díẹ̀.

"Ọmọ mi, ìwọ náà wá gba báàjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Ó ti pẹ́ tí ẹ dé?"

"Ìrókò tó wà níta yẹn, nígbà tí mo dé, mo gbé ẹsẹ̀ dá a kọjá ni. Jókòó. Wọ́n ní ọ̀gá ń bọ̀."

Ògúnṣeyè kò jókòó. Ó lọ sójú fèrèsé, níbi tí iwin kan ti ń ya irun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo wá gba ọkọ̀ mi."

"A ò lè fi ọkọ̀ tí kò ní báàjì sílẹ̀."

"Ẹ fún mi ní báàjì nígbà náà."

"Mú ọkọ̀ wá, ká yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ọ̀dọ̀ yín ló wà!"

"A ò lè fún ọ ní báàjì láìrí ọkọ̀."

"Ẹ yíjú sẹ́yìn, arábìnrin. Òun ló wà lágbàlá yẹn, tó ní ìwo lójú."

Iwin náà yíjú, ó wo Àgbọ̀nrín dáadáa, ó tún padà sídìí irun rẹ̀. "Mo rí i. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo mú un wá."

Ṣé ẹ rí ayé? Ẹni tó jí adìyẹ ẹni gbé tún ń ní ká mú adìyẹ wá ká fi hàn pé a ní adìyẹ! Agbára Ògúnṣeyè tán. Ó ní kí òun fi ìdí lé ìjókòó díẹ̀. Kò tíì mí tán tó fi rí i pé ohun kan ń ṣe ìdí òun yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́. Gbòǹgbò ni! Oorun dídùn kan dé, ohùn kan ń wí fún un létí pé, "Ọ̀la ni. Ọ̀la ni." Bí kì í bá ṣe pé ó rántí Morẹ́nikẹ́ lórí ẹní, ibẹ̀ ni ẹyẹ ì bá ti yé sí i lórí. Ó fà, ó tún fà, ó já! Awọ ìdí rẹ̀ kù sórí ìjókòó. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní, bí ẹ bá fún un ní ẹmu tó pọ̀ tó, yóò fi hàn yín.

Ó gba ojú fèrèsé bọ́ sí àgbàlá. Àwọn ọkọ̀ tí káńsù fọwọ́ sí ló kún ibẹ̀, wọ́n ti kùn wọ́n, wọ́n ń dán. Táyà òmíràn pá bí orí mi yóò ṣe pá lọ́dún tó ń bọ̀. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn òmíràn. Báàjì wà níwájú orí gbogbo wọn. Ògúnṣeyè ń kọjá láàárín wọn lọ sọ́dọ̀ Àgbọ̀nrín nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀.

Takisí kan wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá fi ẹ̀yìn lu igi. Wọ́n ti kun ojú ibi tó tẹ̀ náà. Wọ́n fi báàjì tuntun sí i lórí. Ògúnṣeyè ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé lọ títí bí ẹni tẹ ẹrẹ̀.

Wọn ò tíì tún un ṣe. Ọmọ kú, wọ́n sin ọmọ, ìyá ọmọ sunkún títí omú rẹ̀ fi gbẹ, wọ́n sì mú ọ̀dà, wọ́n fi kun ọkọ̀!

Ògúnṣeyè figbe ta. Igbe náà mú kí àwọn ẹmẹ̀wà gbé Alága káńsù jáde sí àgbàlá. Èjìká àwọn ẹmẹ̀wà ni wọ́n gbé e kọ́, nítorí kì í wọ takisí. Ẹnu ló bo gbogbo ara rẹ̀: ẹnu ní iwájú orí, ẹnu ní ikùn, ẹnu ní orúnkún. Kò ní etí rárá. Ògúnṣeyè sọ ti àbúrò rẹ̀, ó sọ ti bíréèkì, ó sọ títí ọ̀fun rẹ̀ fi ha. Gbogbo ẹnu Alága ń sọ tiwọn lọ: "Káńsù ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà ti dára. Ẹ ṣe sùúrù."

Ìyá arúgbó nì ké sí i láti inú gbọ̀ngàn. "Ọmọ mi, má pa ara rẹ! Ohùn ẹnìkan kì í wọ̀ ọ́ lára. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà pọ̀ nìkan ló ń gbọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń bá a wọlé."

"Ẹ dìde nígbà náà, ìyá!"

"Gbòǹgbò ńkọ́?"

"Yóò dùn yín. Ó dun èmi náà."

Ìyá arúgbó náà ló kọ́kọ́ já. Ọkùnrin tí olú hù lórúnkún tẹ̀ lé e. Ẹyẹ inú fìlà fò, ó ń bú wọn. Gbogbo awakọ̀ rọ́ jáde, ẹlòmíràn gbé ìjókòó mọ́ ìdí wá. Ògúnṣeyè wá mú ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ fi sápò jáde. Ó kọ́ wọn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, wọ́n sọ ọ́ bí ẹni kan ṣoṣo:

"Ẹni tó fọwọ́ sí ọkọ̀, kó wọ̀ ọ́!"

Ilẹ̀ mì. Gbogbo ẹnu Alága padé lẹ́ẹ̀kan.

Ògúnṣeyè nawọ́ sí takisí onídìí-títẹ̀. Àwọn awakọ̀ sì bá a wí i pọ̀: "Alága, ṣé ọkọ̀ yìí dára?"

Ẹnu iwájú orí ní, "Ó dára. Ọwọ́ mi ni mo fi lu òǹtẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ wọ̀ ọ́. Òkè Afàyàfà ló wà níta yẹn. Ẹ jẹ́ kó gbé yín sọ̀ kalẹ̀," ni gbogbo wọn tún wí pọ̀.

Ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀! Ọlọ́wọ́-Gbọọrọ ní ìyá òun ń pe òun. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "Ìyá rẹ tó ti kú?" Àwọn awakọ̀ taari Olójú-Ìpàkọ́ wọnú takisí náà ṣíwájú ọ̀gá rẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ ṣe kan ìjókòó, ó lọgun, "Ẹ gbà mí o! Bíréèkì rẹ̀ ò sí! Ó ti pẹ́ tí ò ti sí!"

Ògúnṣeyè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ mọ̀. Mo ti ń rò ó pé bóyá ẹ ò mọ̀ ni. Nígbà tó jẹ́ àbúrò mi ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ yìí dára. Nígbà tó kan ìdí yín, bíréèkì rẹ̀ ò sí."

Àwọn awakọ̀ gbé Alága dé ẹnu ilẹ̀kùn takisí náà. Gbogbo ẹnu rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ lóríṣiríṣi. Ọ̀kan tó wà ní orúnkún ló ké jù: "Bí mo bá tilẹ̀ máa wọ ọkọ̀, ẹ fi mí sínú ọ̀kan yẹn! Ọ̀kan tó ní ìwo yẹn!"

"Èyí tèmi?" ni Ògúnṣeyè wí, àwọn awakọ̀ sì ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ wí pọ̀ kí Alága lè gbọ́. "Èyí tí ò ní báàjì?"

"Òun náà!"

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní o máa ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ."

Ògúnṣeyè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Alága, o ní ẹnu tó tó báyìí, kò sí ọ̀kan tó lè jẹ́rìí ọkọ̀ mi láti ọjọ́ yìí wá. Ìdí rẹ kan ṣoṣo ti jẹ́rìí rẹ̀. Wọlé."

Ó fi Àgbọ̀nrín gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí Òkè Afàyàfà. Ìgbín kan ń sọdá nísàlẹ̀, Ògúnṣeyè tẹ bíréèkì, Àgbọ̀nrín dúró, ìgbín rìn kọjá bí ìjòyè, kò tilẹ̀ yára. Alága sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ báàjì tó wà láyà ara rẹ̀, ó fi lé Ògúnṣeyè lọ́wọ́. Ògúnṣeyè ti yí ọkọ̀ sọ́nà ilé.

Orí ẹní ló bá Morẹ́nikẹ́, ó ti ń rọbí, ó ti gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Àwọn obìnrin gbé e sínú ọkọ̀. Kò sí iwin tó dá wọn dúró. Olùdánwò tilẹ̀ dìde lórí kùkùté rẹ̀, ó fi ọmọrí igbá júwọ́. Nígbà tí wọ́n gun Òkè Afàyàfà dé àárín, Morẹ́nikẹ́ di ẹ̀yìn ìjókòó mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibí ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró."

"Mo fẹ́ dúró, àbúrò mi. Fọkàn balẹ̀, kó o wò ó."

Ó tẹ bíréèkì lójú òkè níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí èèpo rẹ̀ bó. Ọkọ̀ dúró. Kò fà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka ọwọ́. Morẹ́nikẹ́ tẹ́tí, ó ń dúró de kí ó yọ̀. Kò yọ̀.

"Ó dúró," ni ó wí.

"Ó dúró."

"Ẹ máa lọ nígbà náà, ọmọ yìí ò ní dúró o!"

Ilé ìwòsàn ni wọ́n bí ọmọ náà sí, obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì kò tíì fọ ọwọ́ tán tí ọmọ náà fi ń pariwo mọ́ gbogbo ayé. Tìbínú-tìbínú ló wá sáyé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò sọ pé kí káńsù má yẹ ọkọ̀ wò. Ọdẹ tó ní kí wọ́n má yẹ ìbọn òun wò, ẹ sá fún un. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò! Kí wọ́n da ẹ̀yìn délẹ̀, kí aṣọ wọn dọ̀tí! Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ògúnṣeyè fi gbé báàjì náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwo, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè kọ́ báàjì sórí ọkọ̀ ní Ìdí-Ọ̀bọ̀ yìí mọ́, àfi bí ẹni tó fọwọ́ sí i bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ gun òkè.

Ọ̀rọ̀ mi ti gúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí tiyín gbéra. Ọ̀gá aláṣọ káńsù, ẹ máà yọ́ lọ, gbogbo wa la rí yín. Ọkọ̀ Òkè-Ìlera tó ń kérò lọ́wọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ fi òǹtẹ̀ sí i láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti fi ààyè iwájú sílẹ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wọlé.